Bàtà Funfun fún Ìyàwó Bàbá Mi

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dààmú lórí ẹ̀bùn. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ ti ń la ènìyàn létè, á jókòó sórí àga onígi tó wà lójúde wa, á pe bàbá mi àti èmi, á sì sọ ohun tó fẹ́ bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ gbọ́ o. Sálúbàtà ni mo fẹ́ lọ́dún yìí. Kó má ga ní gìgísẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn mí. Kó má sì pupa, mi ò kì í ṣe ọmọge."

Àwa náà á lọ ra sálúbàtà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, bó bá ti tú u nínú ìwé, á pariwo: "Háà! Ta ló sọ fún yín?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe eré yìí, kò sì sú wọn rí. Mo rò pé bí gbogbo ilé ti ń ṣe nìyẹn. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn máa wá ohun tó wà nínú ẹlòmíràn, àfìgbà tí ìyá mi kú tí bàbá mi sì fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìyá mi kú, èmi nìkan ló sì bí. Olùkọ́ àgbà ni bàbá mi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àárín ìlú Àgbádárìgì ni ilé wa wà, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láràárọ̀ bí wọ́n ti ń pe èrò létí ọ̀sà. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wá láti ìgbà bàbá bàbá mi. Lẹ́yìn ikú ìyá mi, wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi lọ sí Ìwòrò. Ibẹ̀ ló ti pàdé obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé-ìwé. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, obìnrin náà ti di ìyàwó ilé wa.

Àǹtí ni mo ń pè é. Ègùn ni èdè tó fi la ojú sáyé, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀nà Ègùn wá kó tó dé etí wa. Àwọn ìyá ìjọ ti sọ fún un pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ, ni òun náà bá sọ mí ní Adúmáadán, nítorí mo dúdú. Kò bínú rí. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń kẹ́yìn jẹun. Àga onígi ìyá mi wà níbi tó wà, kò gbé e kúrò, kò sì jókòó lé e rí. Ṣùgbọ́n tí a bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ, ohun tó fẹ́ wọ̀, ibi tó fẹ́ jókòó sí, ìdáhùn kan náà ló ń fún wa.

"Èyí tó bá wà."

N kò kórìíra rẹ̀. N kò kàn mọ ẹni tó jẹ́ ni.

Ọdún kẹta tó dé ilé wa ni mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òtò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún àwọn akẹgbẹ́ mi nínú ilé tí a jọ ń gbé, ọwọ́ mi sì yá débi pé wọ́n ń tò sílẹ̀ dè mí lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, Kérésìmesì ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ fi owó tí mo ṣiṣẹ́ fún ra ẹ̀bùn wálé. Ti bàbá mi kò le. Fìlà tó máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣá, mo bá ra tuntun. Àmọ́ nígbà tó kan Àǹtí, ọgbọ́n tán nínú mi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá mi. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Dádì, kí ni Àǹtí fẹ́ràn?"

Ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ó ronú. "Ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo lè rà."

"Ó fẹ́ràn kí ilé mọ́."

"Dádì."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. "Ọdún kẹta rèé," ló wí. "N kò tíì gbọ́ kí obìnrin yẹn sọ pé òun ń fẹ́ nǹkan kan. Bí mo bá ra aṣọ fún un, á wọ̀ ọ́. Bí n kò bá rà, á wọ ti tẹ́lẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ àwọ̀ tó wù ú." Ó wá wò mí bí ọmọ ilé-ìwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ojú tì í, ojú sì ti èmi náà fún un.

Mo pinnu pé ojú mi ni màá fi wá a. Nígbà tí Àǹtí fẹ́ lọ ná ọjà ọdún ní Àgbàlátà, mo ní màá bá a gbé báàgì. Ọjọ́ yẹn kún débi pé èjìká ni a fi ń la ọ̀nà. Bí a ti ń lọ ni mo ń dán an wò.

"Àǹtí, ẹ wo aṣọ yẹn. Kò dáa?"

"Ó dáa."

"Abọ́ olódòdó yìí ńkọ́?"

"Òun náà dáa."

Agboòrùn dáa. Ìkòkò dáa. Ká ní mo fi pósí hàn án ni, á ní ó dáa. Ó rẹ̀ mí. Ó ní kí n lọ bá òun ra ata níwájú, òun ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, kò tíì rí mi. Ó dúró níwájú àtẹ ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ọmọdé. Bàtà funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, onídè kékeré, tí òdòdó aláwọ̀ pupa wà lójú rẹ̀. Ó ki ìka mẹ́ta bọ inú rẹ̀. Ó yọ wọ́n. Ó gbé bàtà náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́, kò bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, ọlọ́jà náà kò sì bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a padà sí ààyè rẹ̀, ó fi ọwọ́ tún un ṣe kó bá èkejì rẹ̀ dọ́gba. Bó ti yí padà tó rí mi, ohun tó sọ ni pé, "Ata wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ata wọ́n.

Àmọ́ nínú mi, mo ti rí ìdáhùn. Àǹtí lóyún. Mo rántí pé kì í fẹ́ jẹun láàárọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo rántí pé bàbá mi ń ra ọsàn wálé. Bàtà náà tóbi díẹ̀ fún ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kí ni èmi mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ọmọ tuntun, èmi tí n kò ní àbúrò?

N kò ní purọ́: inú mi kò dùn. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo bàbá mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fi lè wo Àǹtí lójú. Mo ń sọ fún ara mi pé tí ọmọ náà bá dé, wọ́n á gbàgbé èmi, wọ́n á sì wá gbàgbé ìyá mi pátápátá. Ọjọ́ kẹta, mo jáde síta láàárọ̀, mo bá a tó kúnlẹ̀ tó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ àga onígi ìyá mi, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé abẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Mo padà sínú ilé, mo mú owó mi, mo sì gba Àgbàlátà lọ. Bàtà funfun náà ṣì wà lórí àtẹ. Mo rà á.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, a dé láti ìsìn, a jẹ ìrẹsì, àwọn àlejò wá, wọ́n lọ. Ó ku àwa mẹ́ta. Bàbá mi tún ìrẹsì bù, torí kì í lè jẹun dáadáa níwájú àlejò. Mo kọ́kọ́ fún un ní fìlà rẹ̀. Ó dé e lójú ẹsẹ̀, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ tòun ti fìlà lórí. Mo wá gbé ti Àǹtí fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo kúnlẹ̀, mo sì gbàdúrà tí mo ti ń kọ́ lọ́kàn láti àárọ̀.

"Àǹtí, ti yín rèé. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Ṣíbí bàbá mi dúró láàárín abọ́ àti ẹnu.

Àǹtí tú ìwé náà. Ó rí bàtà. Kò sunkún, kò pariwo. Ó dì wọ́n padà sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n jí. Ó dìde. "O ṣé, Adúmáadán," ló wí, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bàbá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Pé ó lóyún? Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo fojú ara mi rí i."

"Oyún?" Bàbá mi wò mí. "Oyún wo?"

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ kan wá sí ẹnu rẹ̀, tó sì gbé e mì. Ó bọ́ fìlà. "Lọ bá a," ló wí. "Kì í ṣe ẹnu tèmi ló yẹ kí o ti gbọ́ ọ."

Mo bá Àǹtí lórí àpótí lẹ́bàá ààrò tó fi ń yan ẹja. Kò sí iná nínú ààrò. Bàtà wà lórí itan rẹ̀. Mo dúró, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ kó ọwọ́ mi sí.

"Ta ló ní kí o ra afọkpa yìí?" ó bi mí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, èdè rẹ̀ ló máa ń sáré wá sí i lẹ́nu.

"Mo rí yín lọ́jà. Mo rí bí ẹ ṣe mú un dání. Mo rò pé ẹ lóyún ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kì í ṣe oyún. Ọmọ ti wà. Ó ti pẹ́ tó ti wà."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó ti lọ́kọ rí ní ìhà kejì ibodè, apẹja ni ọkọ náà, àìsàn ló sì pa á. Ọmọbìnrin kan ló bí fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta.

"Ìyá ọkọ mi ní ọmọ òun ti lọ, ọmọ ọmọ òun kò ní lọ pẹ̀lú. Mo padà sí Ìwòrò pẹ̀lú ẹrù orí mi nìkan. Ó ní kí n má tíì wá wò ó, kí ọmọ lè gbàgbé ẹkún. Mo gbọ́. Mo dúró. Nígbà tí mo wá fẹ́ bàbá rẹ, ó ránṣẹ́ pé kí n má wá mọ́ rárá. Ọdún márùn-ún rèé."

"Ṣé Dádì mọ̀?"

"Ó mọ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ. Bí a bá ń sọ ọ́ nínú ilé, n kò ní lè gbálẹ̀, n kò ní lè sebẹ̀."

Ó mú bàtà kan, ó tún ki ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́ bí mo ti rí i lọ́jà. "Ọdọọdún ni mo ń dúró níbẹ̀. Èyí tó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi í sílẹ̀ ni mo máa ń mú. Èyí tó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, n kò mọ̀ ọ́n. Mo bí ọmọ, Adúmáadán, n kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀."

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ti wá. Mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi ni.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sọ pé kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé ká lọ pààrọ̀ bàtà. Ọlọ́jà bàtà rí wa lókèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi Ègùn kí Àǹtí pé, "Ìyá, lọ́dún yìí ẹ rà á!" Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí wá, kò kàn fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ó bá wa wá irú bàtà náà tó tóbi tó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí a ti kúrò níbẹ̀, Àǹtí dúró láàárín ọjà.

"Kí ni a tún fẹ́ mú lọ? N kò mọ ohun tó fẹ́ràn. Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, iyọ̀ ló máa ń lá. Bí mo bá yíjú, á ti ki ọwọ́ bọ igbá iyọ̀."

"A kò lè gbé iyọ̀ lọ fún un, Àǹtí."

"Mo mọ̀." Ó ronú. "Àbí ká gbé díẹ̀?"

A ra búrẹ́dì, a ra bisikí, a ra aṣọ fún ìyá àgbà náà. Ẹja yíyan wà nílé. Bàbá mi ní òun náà á lọ, ó ti nu bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ tí Àǹtí kọ nǹkan fún un.

"Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá rí ọkùnrin, wọ́n á rò pé a wá gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ni."

Bàbá mi sìn wá dé ibùdókọ̀, ó sì dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ wa fi gbéra.

A dé Sẹ̀mẹ̀, a kọjá ibodè, a wá gun ọ̀kadà méjì gba orí yanrìn láàárín àwọn igi àgbọn. Òkun wà lápá òsì wa, a ń gbọ́ ọ, a kò rí i. Agboolé náà kò tóbi. Obìnrin arúgbó kan jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ń bó àgbọn. Àǹtí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ègùn ni wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ ọ. Ta ni ọmọ Àgbádárìgì tí kò gbọ́ díẹ̀?

Ìyá àgbà wò ó. Ó bó àgbọn kan tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

"O pẹ́."

"Ẹ ní kí n má wá mọ́, Ìyá."

"Mo sọ ọ́. Inú ń bí mi nígbà yẹn. Ìwọ náà kò sì wá wò ó bóyá inú ṣì ń bí mi."

Àǹtí dojú bolẹ̀. Ìgbà yẹn ló sunkún. Ìyá àgbà jẹ́ kó sun ún, ó ń gbá èèpo àgbọn jọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí inú ilé, ó sì pe ọmọ.

Ọmọbìnrin kan jáde. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún yanrìn títí dé orúnkún. "Ìyá rẹ rèé," ìyá àgbà wí. Ọmọ náà wo Àǹtí, ó wo èmi, ó tún wo Àǹtí. Mo rí i pé kò mọ èwo nínú wa ni. Àǹtí náà rí i. Mo yára sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí a ti rí, a ti rí i.

"Vi ṣie," Àǹtí wí, ìyẹn ni pé, ọmọ mi. Ó yọ bàtà jáde nínú báàgì. Ọmọ náà gbọn yanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò wọlé. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ta yọ lẹ́yìn. Àwa tí a rò pé a ti mú èyí tó tóbi! Ó yọ ẹsẹ̀, ó to bàtà méjèèjì pọ̀ sórí ẹní, ó fi Faransé dúpẹ́, "Mẹ̀sí," bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé, ó sì sún sẹ́yìn. Ó kọ búrẹ́dì. Ó gba bisikí kan, kò jẹ ẹ́, ó mú un dání.

A jókòó. Ìyá àgbà ń bèèrè àlàáfíà àwọn ará Ìwòrò lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí ń dáhùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ. Ojú ọmọ kò sí lára rẹ̀. Orí èmi ló ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òtò ló dirun fún mi kí n tó wálé, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun sí ìdí rẹ̀, bí mo bá mi orí, wọ́n á dún. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà ń sún mọ́ mi, bí adìyẹ tó rí àgbàdo lọ́wọ́ àlejò. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ọ̀kan.

Àǹtí dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ọmọ náà mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Mo jókòó sí ìdí igi àgbọn, mo ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń jù wọ́n sínú abọ́. Ìyá àgbà wọlé, ó mú ìyarun onígi jáde, ó sì nà án sí Àǹtí. Àǹtí na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ọmọ náà wá jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i. Àǹtí gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò ṣe nǹkan mìíràn ju pé ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá."

"Bó bá ń dùn ọ́, sọ ọ́."

"Kò dùn mí. Ìyá àgbà máa ń fà á. Ìwọ kì í fà á."

"Èmi ni mo máa ń fà á?" Ìyá àgbà wí láti ibi àgbọn rẹ̀. "Ọmọ aláìmoore!" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká.

N kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé Àǹtí mọ irun dì tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọ́n ń tò sílẹ̀ dè ní Òtò, ọwọ́ mi kò tó ọwọ́ rẹ̀. Ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́. Kò tíì dé ìdajì tí orí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, tó sì sùn lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀, bisikí lọ́wọ́. Àǹtí kò jí i. Ó ń dì í bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, ó jókòó síbẹ̀, kò mira, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Eṣinṣin kan ń bà lé ọmọ náà lójú. Ìyá àgbà dìde, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó sì dúró tì wọ́n, ó ń lé e.

Kí a tó máa lọ, Àǹtí ní kí n bá òun fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ nínú ìgbálẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ń sùn, láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka ńlá, ó ṣẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ padà wá ní Àjíǹde," ìyá àgbà wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun ló sìn wá dé ibi tí ọ̀kadà wà, ó sì bá ọlọ́kadà dúnàádúrà fún wa.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, Àǹtí sọ̀rọ̀ ju gbogbo èyí tó ti sọ lọ́dún mẹ́ta. Ó sọ nípa ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, bó ti máa ń bẹ̀rù adìyẹ, bẹ́ẹ̀ kò bẹ̀rù òkun. Ó sọ bí ọmọ ti ń ta ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bó bá gbọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ ní Ègùn, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò létí ìró rẹ̀. Bàbá mi ti ń dúró dè wá ní ibùdókọ̀. Kò bèèrè bóyá wọ́n gbà wá, kò bèèrè bóyá bàtà wọ̀ ọ́.

"Ṣé ó dàgbà?"

"Ó ga," Àǹtí wí. "Ẹ wò ó, ó ga títí dé ibí yìí lára mi." Ó sì fi ọwọ́ hàn án lára rẹ̀, láàárín ibùdókọ̀, níwájú gbogbo ènìyàn.

Mo ti ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bùn látìgbà yẹn, mo sì ti ṣì í rà lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, oṣù yẹn ló ń padà sí mi lọ́kàn: ìró òkun lẹ́yìn igi àgbọn, òórùn ẹja yíyan nínú báàgì wa, orí mi tó fúyẹ́ láìsí ìlẹ̀kẹ̀. Èmi ti bẹ̀rù pé ọmọ kan ń bọ̀ wá gba ààyè mi. N kò mọ̀ pé ọmọ náà ti wà níbì kan, ó ti ń hu eyín tuntun, àti pé èmi náà ni màá bẹ bàbá mi kó wá ilé-ìwé fún un.

A padà lọ ní Àjíǹde pẹ̀lú bàtà tó mọ ìwọ̀n ọwọ̀ náà. Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ wá sí Àgbádárìgì. A kò retí wọn. A gbọ́ ohùn lójúde, bàbá mi sì jáde nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà dúró níbẹ̀, ọmọ lọ́wọ́ kan, pẹ́pẹ́yẹ funfun ńlá kan lábẹ́ apá kejì.

"Mo rò ó títí," ló wí. "N kò mọ ohun tí ẹ̀yin ará ìlú ń jẹ. Mo bá ní kí n mú èyí."

Ìdílé bàbá mi kì í jẹ pẹ́pẹ́yẹ. Láti ìran baba wọn ni, a kì í tilẹ̀ gbà á wọ ilé. Àǹtí mọ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi, olùkọ́ àgbà, tó ń na ọmọ fún irọ́ pípa, dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba pẹ́pẹ́yẹ náà.

"Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Pẹ́pẹ́yẹ gan-an ni a ti ń wá."

Kò sí ẹni tó lè pa á, kò sì sí ẹni tó lè tà á, nítorí bí ìyá àgbà bá ti wá, ohun tó kọ́kọ́ ń bèèrè nìyẹn. Bàbá mi ní àlejò ni, kò sí ohun tó sọ pé àlejò ò gbọdọ̀ wọlé. A kan ilé pákó fún un ní ẹ̀yìnkùlé, a wá akọ fún un, ó sì ń yé, ó ń pa. Àbúrò mi, ọmọ tí ìyá àgbà mú wá yẹn, dúró tì wá, ó dàgbà láàárín wọn, ó ti relé ọkọ ní Àjàṣẹ́ báyìí. Bàbá mi kò fi ẹnu kan pẹ́pẹ́yẹ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n òun ló ń ju àgbàdo fún wọn láràárọ̀, tí yóò máa bá wọn wí bí ọmọ ilé-ìwé, títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jáde mọ́.